Àgbò Tí Ń Pọ́n Ọ̀bẹ: Ọ̀rọ̀ Lórí Ẹ́ńsáìmù Inú Òkun

Ọ̀rẹ́ mi kan tí ń kọ́ èdè Yorùbá ló bi mí ní ìbéèrè kan: omi òkun kún fún bakitéríà, báwo wá ni ẹ̀dá inú ìkaraun tí ń sẹ́ omi náà tọ̀sán-tòru láti rí oúnjẹ ṣe ń yè? Ìdáhùn mi nìyí.

Ẹ̀dá aláìléegun kò ní antibody bí tiwa, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò ṣófo. Ó ní ẹ́ńsáìmù kan tí à ń pè ní lysozyme. Alexander Fleming ló kọ́kọ́ ròyìn ẹ́ńsáìmù yìí ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1922, ọdún mẹ́fà kí ó tó kan pẹnisílìnì. Inú ikun imú ló ti rí i. Ó wà nínú omijé, itọ́ àti funfun ẹyin pẹ̀lú. Ògiri tó yí bakitéríà ká dà bí àwọ̀n tí a fi okùn ṣúgà hun. Lysozyme a máa já okùn náà. Omi á rọ́ wọlé, bakitéríà á sì bẹ́.

Ní 1999, àwọn onímọ̀ ní Nọ́wè ròyìn èyí tí wọ́n yọ nínú ẹ̀yà inú Chlamys islandica, ẹ̀dá oníkaraun méjì tí ń gbé inú òkun tútù. Wọ́n pè é ní chlamysin. Ní 4°C, níbi tí iṣẹ́ ti máa ń sú ọ̀pọ̀ ẹ́ńsáìmù, ṣe ni èyí ń bá iṣẹ́ lọ.

Ṣùgbọ́n díẹ̀ ló wà lára ẹ̀dá kan, a kò sì lè torí rẹ̀ pa gbogbo ẹ̀dá òkun tán. Láti 1973, nígbà tí Stanley Cohen àti Herbert Boyer fi ọ̀nà hàn, a lè gé jíìnì ẹ̀dá kan, kí a so ó mọ́ òrùka DNA kékeré, kí a sì fi í sínú E. coli kí ó máa bá wa ṣe purotéènì náà.

Ibí yìí gan-an ni wàhálà wà. Bakitéríà ni E. coli fúnra rẹ̀. Ṣé a lè ní kí àgbò pọ́n ọ̀bẹ tí a ó fi pa á? Ó ṣeé ṣe, nítorí awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan dá inú rẹ̀, níbi tó ti ń ṣe purotéènì, sí ọ̀tọ̀ kúrò lára ògiri. Ọ̀bẹ wà ní yàrá, ògiri wà níta. Àmọ́ ọ̀bẹ tó pọ́n bẹ́ẹ̀ kì í sábà mú. Ìdè imí-ọjọ́ púpọ̀ ló di lysozyme irú àwọn ẹ̀dá òkun wọ̀nyí mú kí ó lè ká bó ti yẹ, inú E. coli kì í sì í jẹ́ kí ìdè náà so dáadáa. Purotéènì á wá ṣù jọ bí àmàlà tó ní kókó. Kẹ́míkà ni a ó fi tú u, kí a tó rọra jẹ́ kó ká padà. Púpọ̀ a sì ṣòfò lọ́nà.

Ìdí nìyí tí àwọn mìíràn fi ń lo íìsìtì Pichia pastoris. Ògiri íìsìtì yàtọ̀, lysozyme kì í sì í já a bí ó ti ń já ti bakitéríà. Ó mọ ìdè imí-ọjọ́ í so, ó sì lè tu purotéènì náà síta sínú omi tí a fi ń bọ́ ọ. Bí a bá bi èmi, íìsìtì ni n ó yàn.

Bakitéríà tí oògùn wa kò ràn mọ́ ń pọ̀ sí i, nítorí náà kì í ṣe eré la ń ṣe. Síbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má retí rẹ̀ bí oògùn tí à ń gbé mì: purotéènì ni, ikùn lè dà á bí ẹran, bí a bá sì gún un sára, ara lè bá a jà bí àlejò. Lysozyme inú ẹyin adìẹ ni wọ́n ti ń fi sínú wàràkàṣì ní Yúróòpù kó má baà bàjẹ́. Ti inú òkun yìí, ní tèmi, ibi ìpamọ́ ẹja ló yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀, nítorí òtútù kò dẹ́rù bà á.