Ẹni Tó Fẹ́ Yára, Kí Ó Kọ́kọ́ Rọra Sáré



Eré ìje kìlómítà 10 ti ń wọ́pọ̀ nílẹ̀ wa. Láti ọdún 2013 ni wọ́n ti ń sá ti Okpekpe ní ìpínlẹ̀ Ẹdó, lójú ọ̀nà olókè. Láti ọdún 2016 ni ìlú Èkó náà ti ń ṣe eré ẹlẹ́mìí ẹṣin, tí ẹni tí kò lè sá kìlómítà 42 sì ń bá wọn sá 10. Kì í ṣe àwọn tó fi eré ṣe iṣẹ́ nìkan ló ń jáde. Olùkọ́ wà níbẹ̀, awakọ̀ wà níbẹ̀, ìyá ọlọ́jà àti akẹ́kọ̀ọ́ wà níbẹ̀. Ẹni tó bá sì ti sá a parí lẹ́ẹ̀kan, ohun tó máa ń bi ara rẹ̀ ni pé, "Báwo ni mo ṣe lè yára ju báyìí lọ nígbà mìíràn?"

Ìbéèrè náà dára. Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ń gbà wá ìdáhùn rẹ̀ ni kò dára. Ẹni tó ti jókòó sídìí iṣẹ́ láti ọdún dé ọdún á dìde lọ́jọ́ kan, á máa sáré tagbáratagbára lójoojúmọ́. Kò ní pé oṣù kan tí ojúgun á fi máa dùn ún, tí orúnkún á wú, tí á sì ní eré kò bá òun lára mu. Bí ó bá sì jẹ́ ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tí kò mọ̀, ọ̀rọ̀ náà lè kọjá ti orúnkún. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé àṣejù, baba àṣetẹ́. Ohun tí a fẹ́ kí gbogbo ilé mú nínú ọ̀rọ̀ tòní ni pé ẹni tó fẹ́ yára lọ́jọ́ ìje, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni kí ó máa sá èyí tó pọ̀ jù nínú eré ìmúra rẹ̀.

Eré kò ṣàjèjì sí ẹ̀sìn wa

Ànábì wa Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) bá ìyá wa Àíṣà sáré ìje. Ìyá wa ló kọ́kọ́ borí. Nígbà tó pẹ́, wọ́n tún un sá, Ànábì sì borí, ó wá fi ṣe ẹ̀fẹ̀ pé eléyìí gbẹ̀san tàkọ́kọ́. Àpẹẹrẹ ńlá lèyí fún tọkọtaya.

Èyí tó tilẹ̀ bá ọ̀rọ̀ wa mu jù ni ìtàn Salamah ọmọ Al-Akwa', sàhábé tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá púpọ̀. Ó wà nínú ìwé hádíìsì ti Muslim. Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀ sí Mẹ̀dínà, ọkùnrin kan nínú àwọn ará Ànsáárì, tí ẹnikẹ́ni kì í borí rẹ̀ nínú eré, ń wá ẹni tí yóò bá òun sá a dé ìlú. Salamah tọrọ àyè lọ́wọ́ Ànábì, ó sì bọ́ sílẹ̀. Kò fi gbogbo agbára rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ó ní òun dá ara òun dúró ní òkè kan tàbí méjì kí èémí òun má baà tán, òun sì ń tẹ̀lé ọkùnrin náà lẹ́yìn. Nígbà tó yá ló wá tú ẹsẹ̀ sílẹ̀, ó bá a, ó sì ṣáájú rẹ̀ dé Mẹ̀dínà. Ẹ ò rí i pé ìmọ̀ tí àwọn olùkọ́ni eré ìje fi ń kọ́ni lónìí kì í ṣe tuntun.

Kí a tó bẹ̀rẹ̀

Ẹni tó bá ti lé ní ogójì ọdún, tàbí tó sanra púpọ̀, tàbí tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ, ikọ́ fée tàbí àìsàn ọkàn, ọ̀dọ̀ dókítà ni kí ó kọ́kọ́ lọ. Ẹni tó ní àrùn fọníkúfọládìde, ìyẹn àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ SS, kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ láìgba ìmọ̀ràn. Àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ AS lè sáré, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń sá a láìsí ewu. Ṣùgbọ́n kí wọ́n máa mu omi dáadáa, kí wọ́n má sá eré líle nínú oòrùn, kí wọ́n sì dúró bí ẹsẹ̀ bá ń dùn wọ́n lọ́nà tí kò yé wọn.

Ẹnikẹ́ni tí àyà bá ń dùn, tí òòyì ń kọ́ tàbí tí ọkàn rẹ̀ ń lù kìkì lọ́nà tí kò rí rí, kí ó dúró lójú ẹsẹ̀, kí ó sì lọ sí ilé ìwòsàn. Ara ní ẹ̀tọ́ lórí wa. Ẹ̀kọ́ Ànábì nìyẹn.

Ìdí tí eré pẹ̀lẹ́ fi ń sọni di ẹni tó yára

Bí a bá ń rọra sáré fún ìgbà pípẹ́, ọkàn á máa lágbára sí i, débi pé lílù kan ṣoṣo á máa tú ẹ̀jẹ̀ tó pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ jáde. Àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín inú ẹran ẹsẹ̀ á pọ̀ sí i, ẹran ẹsẹ̀ náà á sì mọ bí a ṣe ń fi afẹ́fẹ́ àti oúnjẹ ṣe agbára láìtètè rẹ̀. Èyí ni ìpìlẹ̀ ilé. Eré líle ni òrùlé, a kì í sì í gbé òrùlé ka ilẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ìdí kejì ni pé ọkàn àti èémí máa ń tètè dáa sí i, láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n egungun àti iṣan tó so ẹran mọ́ egungun kì í yára bẹ́ẹ̀, oṣù mélòó kan ni wọ́n ń gbà. Nígbà tí èémí bá ti ń sọ fún wa pé a lè sá i, ojúgun kò tíì ṣe tán. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń fara pa.

Báwo ni a ṣe máa mọ̀ pé eré wa jẹ́ eré pẹ̀lẹ́? Kí á lè máa bá ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa sọ̀rọ̀, tàbí kí á máa ṣe àsíkìrì ketekete láìmí hẹlẹ. Bí ọ̀rọ̀ bá ti ń já lẹ́nu, eré náà ti le jù. Kí á dín in kù, kódà kí á rìn díẹ̀. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Ètò ọ̀sẹ̀ kan

Ẹ jẹ́ kí á mú ẹni tó ń fi ìṣẹ́jú 70 sá kìlómítà 10, tó túmọ̀ sí ìṣẹ́jú 7 fún kìlómítà kan. Kí ó má fo lọ sí 60 lẹ́ẹ̀kan náà. Kí ó kọ́kọ́ lé ìṣẹ́jú 65, ìyẹn ìṣẹ́jú 6 àti ààbọ̀ fún kìlómítà kọ̀ọ̀kan, kí ó sì fún ara rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 10. A ṣe ètò yìí kí ó bá ìgbé ayé ilé Mùsùlùmí mu:

Ọjọ́ Ajé: Ìsinmi. Ẹni tó ń gba ààwẹ̀ sunna lè gbà á.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun: Kìlómítà 5 ti pẹ̀lẹ́, nǹkan bí ìṣẹ́jú 8 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún kìlómítà kan.

Ọjọ́rú: Ọjọ́ ìyára. Kìlómítà 2 pẹ̀lẹ́ láti mú ara gbóná. Lẹ́yìn náà, kí ó sá kìlómítà 1 ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 6 àti ìṣẹ́jú àáyá 20, kí ó rìn fún ìṣẹ́jú 3, kí ó sì tún un ṣe títí yóò fi pé ẹ̀ẹ̀mẹ́rin. Kí ó fi kìlómítà 1 ti pẹ̀lẹ́ parí.

Ọjọ́bọ̀: Ìsinmi tàbí ààwẹ̀.

Ọjọ́ Jímọ̀: Kìlómítà 4 pẹ̀lẹ́ lẹ́yìn ìrun Àsùbáà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta: Eré gígùn, kìlómítà 8 pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Ọjọ́ Àìkú: Ìsinmi, kí á lè ráyè lọ sí Àsàlátù.

Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 24. Nínú rẹ̀, 4 péré ni ti ìyára, 20 yòókù jẹ́ ti pẹ̀lẹ́. Ẹni tí kò bá tíì ń sá tó bẹ́ẹ̀, kí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìdajì rẹ̀. Kí á máa fi kìlómítà 1 kún eré gígùn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí yóò fi dé 12, kí á sì dín gbogbo rẹ̀ kù ní ọ̀sẹ̀ kẹrin-kẹrin kí ara lè sinmi. Nínú ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn kí ìje tó dé, ìdajì ni kí á sá. Ìsinmi ló ń sọ iṣẹ́ tí a ti ṣe di agbára.

Lẹ́yìn eré ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Jímọ̀, kí á fi ìṣẹ́jú 15 mú ẹsẹ̀ le. Kí á máa jókòó sórí àga kí á sì máa dìde láìfọwọ́ tì í, kí á dúró lórí àtẹ̀gùn kí á máa gbé gìgísẹ̀ sókè sódò. Èyí ń dáàbò bo orúnkún àti ojúgun. Bí ìrora kan bá wà tó ń pọ̀ sí i bí a ṣe ń sáré, kí á fi eré náà sílẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀. Iṣẹ́ kékeré tí a ń ṣe déédéé ni Ọlọ́hun fẹ́ràn, bí Ànábì ṣe kọ́ wa. Bẹ́ẹ̀ náà ni ara ṣe fẹ́ ẹ.

Ojú ọ̀nà àti ìrun

Àárọ̀ lẹ́yìn Àsùbáà ló dára jù, nítorí oòrùn kò tíì mú, èéfín ọkọ̀ kò sì tíì pọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ jí ní àárọ̀, kí ó tètè sùn lẹ́yìn Ìṣáì. Bí kò bá sí pápá nítòsí, kí á kọjú sí ọkọ̀ tó ń bọ̀ bí a bá ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, kí á wọ aṣọ tí ojú tètè ń rí, kí á má sì ki nǹkan bọ etí. Ẹ jẹ́ kí eré ọjọ́ Jímọ̀ parí ní kùtùkùtù. Ibi tí Ànábì ti kọ̀ fún wa láti sáré ni ìgbà tí a bá ń lọ sí ìrun. Ìrìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ló ní kí á máa rìn lọ síbẹ̀.

Nínú Ramadan, kí á fi ọjọ́ ìyára sílẹ̀ pátápátá. Ìṣẹ́jú 20 sí 30 ti pẹ̀lẹ́, nígbà tí ìṣínu bá ti kù díẹ̀ tàbí lẹ́yìn ìrun àṣámù, ti tó láti má jẹ́ kí ara gbàgbé. Eré àfínnúfíndọ̀ kò tó ohun tí a ń tìtorí rẹ̀ jẹ ààwẹ̀ ọ̀ranyàn.

Ìmọ́tótó eléré

Òógùn kì í ṣe nájíísì, ṣùgbọ́n òórùn rẹ̀ ń ni ẹlòmíràn lára nínú sáàfù. Kí á wẹ̀, kí á pààrọ̀ aṣọ kí á tó lọ sí mọ́ṣáláṣí. Ìbọ̀sẹ̀ tó ti tutù kò yẹ kí á wọ̀ lẹ́ẹ̀mejì láìfọ̀ ọ́, nítorí inú ọ̀rinrin ni kòkòrò tó ń mú kí àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ máa yún, kó sì máa bó, ti ń gbèrú. Bí a ṣe ń fi ọwọ́ wẹ àárín ọmọ ìka nínú àlùwàlá, kí á tún fi aṣọ gbígbẹ nù ún kí á tó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà. Èékánná gígé tí sunna pa láṣẹ wúlò fún eléré púpọ̀. Èékánná ẹsẹ̀ tó gùn máa ń lu iwájú bàtà títí yóò fi dúdú, nígbà mìíràn á tilẹ̀ ṣí kúrò. Kí á fi faselín pa àárín itan àti abíyá kí aṣọ má baà bó wọn.

Ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀yin ọmọbìnrin wa

Eré kì í ṣe ti ọkùnrin nìkan. Sifan Hassan, obìnrin Mùsùlùmí tí wọ́n bí ní Etiópíà tó ń sáré fún orílẹ̀-èdè Netherlands, gba góòlù mítà 10,000 ní Tokyo ní ọdún 2021, ó tún gba ti eré ẹlẹ́mìí ẹṣin ní Paris ní ọdún 2024. Híjáàbù ló wọ̀ lọ gba èyí tó gbà ní Paris. Kí ẹ wọ aṣọ fífúyẹ́ tó gbòòrò tó sì bo ara, kí ẹ sì jáde ní méjì-méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ara bá ń rẹ obìnrin lọ́nà tí kò yé e, kí ó lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, nítorí nǹkan oṣù lè dín ẹ̀jẹ̀ ara kù. Ẹ̀fọ́, ẹ̀wà, ẹran àti ẹ̀dọ̀ ń ràn án lọ́wọ́. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, kí ó kọ́kọ́ bi nọ́ọ̀sì rẹ̀ léèrè.

Lọ́jọ́ ìje

Kí á jẹ oúnjẹ fífúyẹ́ bíi búrẹ́dì tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ ní nǹkan bí wákàtí 2 ṣáájú. Kì í ṣe ọjọ́ ẹ̀wà, kì í sì í ṣe ọjọ́ bàtà tuntun. Kí á mu omi bí òùngbẹ bá ṣe ń gbẹ wá, kí á má mu ún ní àmuyó. Bí ẹnikẹ́ni nínú wa bá ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò já gaara mọ́, ooru ló mú un. Ẹ gbé e lọ sí abẹ́ ibòòji, ẹ da omi tútù sí i lára, kí ẹ sì pe àwọn oníṣègùn.

Ìlù á máa dún, ọ̀pọ̀ èrò á tú jáde bí ọta. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa lọ. Ẹni tó ń lé ìṣẹ́jú 65 kò gbọdọ̀ sá kìlómítà àkọ́kọ́ yá ju ìṣẹ́jú 6 àti ààbọ̀ lọ. Ní kìlómítà 5, kí aago rẹ̀ wà ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 32 àti ààbọ̀. Láti kìlómítà 8 ni kí ó tó tú ẹsẹ̀ sílẹ̀, bí Salamah ti ṣe. Yóò máa bá ọ̀pọ̀ àwọn tó fi í sílẹ̀ láàárọ̀ lójú ọ̀nà, wọ́n á ti máa rìn.

Bí ìṣẹ́jú 65 kò bá bọ́ sí i lọ́dún yìí, ọkàn tó lágbára, oorun tó dùn àti ẹ̀jẹ̀ ríru tó rọlẹ̀ ti jẹ́ èrè fún gbogbo ìdílé rẹ̀.

Kí Ọlọ́hun fún wa ní ìlera tí a ó fi máa sìn Ín, kí Ó má sì jẹ́ kí á fi ọwọ́ ara wa ṣe ara wa. Àmín.