Ọṣẹ tí Kì í Jẹ́ kí Ara Gbẹ

Nígbà tí ọyẹ́ bá ń fẹ́, ara ọmọdé a máa funfun bí ẹni tí ó yí nínú eérú, ètè a máa là, gìgísẹ̀ àwọn àgbà a sì máa sán. Ọyẹ́ ni gbogbo ènìyàn ń dá lẹ́bi. Ṣùgbọ́n bí a bá wádìí ọ̀rọ̀ náà dáadáa, a óò rí i pé ọṣẹ tí wọ́n fi ń wẹ̀ ní òwúrọ̀ lọ́wọ́ nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Iṣẹ́ ọṣẹ ni láti ṣí ìdọ̀tí kúrò lára. Àmọ́ ọṣẹ kò mọ ìyàtọ̀ láàrin ọ̀rá tí ó dì mọ́ ìdọ̀tí àti ọ̀rá tí Ẹlẹ́dàá fi bo ara wa. Èyíkéyìí tí ó bá bá pàdé ni yóò kó lọ. Ohun tí ẹni tí ń se ọṣẹ gbọ́dọ̀ wá ni ọ̀nà tí ọṣẹ yóò fi fọ ara mọ́, tí kò sì ní fi ara sílẹ̀ ní gbígbẹ.

Ohun méjì ni ń di ọṣẹ: ọ̀rá, àti omi líle kan tí ó lè jẹ ara. Nílẹ̀ Yorùbá, inú eérú ni a ti ń rí omi líle yìí. Àwọn ìyá ọlọ́ṣẹ a sun èèpo kòkó tí ó ti gbẹ, tàbí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà. Wọn a kó eérú rẹ̀ sínú ìkòkò tí a lu nídìí, wọn a sì da omi lé e lórí kí ó máa kán sínú ìkòkò mìíràn nísàlẹ̀. Omi tí ó kán náà a máa yọ̀ lọ́wọ́. Wọn a sè é títí yóò fi ki, wọn a sì pò ó mọ́ epo lórí iná. Níbẹ̀ ni epo àti omi eérú yóò ti pa ara dà, tí wọn yóò di ọṣẹ àti omi kan tí ó ki, tí ó sì dùn lẹ́nu, tí a ń pè ní gíláísírìn. Michel Eugène Chevreul, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ni ó ṣàlàyé irú ohun tí ọ̀rá jẹ́ àti bí ó ti ń di ọṣẹ nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1823. Àwọn ìyá wa kò dúró dè é kí wọ́n tó máa se ọṣẹ dúdú.

Pọ́táàṣì ni ó wà nínú omi eérú, òun ni kì í sì í jẹ́ kí ọṣẹ dúdú le. Ẹni tí ó bá fẹ́ ọṣẹ tí a lè gé ní búlọ́ọ̀kù yóò lo sódà líle tí àwọn ọlọ́jà ń pè ní kọ́sítíìkì. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ńlá ni ó máa ń fi omi iyọ̀ ya gíláísírìn kúrò nínú ọṣẹ, kí wọ́n lè tà á lọ́tọ̀. Gíláísírìn yìí kan náà ni ó máa ń fa omi mọ́ ara. Ọṣẹ tí a sè nílé kì í pàdánù rẹ̀.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a wo àwọn epo, nítorí ibẹ̀ ni ọgbọ́n wà. Àdín a máa mú ọṣẹ hó púpọ̀, a sì máa mú un le, ṣùgbọ́n bí ó bá pọ̀ jù, ara yóò máa fà. Epo pupa kì í hó tó bẹ́ẹ̀. Òun ni kì í jẹ́ kí ọṣẹ tètè tán. Òrí, tí ó ń wá láti apá Ṣakí àti ilẹ̀ ọ̀dàn tí ó wà lókè rẹ̀, kì í hó púpọ̀ bí a bá lo òun nìkan. Síbẹ̀ òun ni olórí wọn nípa ti ara, nítorí pé ohun kan wà nínú rẹ̀ tí sódà kò lè sọ di ọṣẹ, tí ó sì pọ̀ ju ti àdín lọ. Ohun náà ni yóò kù sí ara bí aṣọ fẹ́lẹ́ lẹ́yìn ìwẹ̀.

Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù ni pé kí ènìyàn da gbogbo rẹ̀ sínú ìkòkò lẹ́ẹ̀kan náà, kí ó sì máa retí pé òrí yóò wà níbẹ̀ ní òrí. Sódà kì í ṣe ojúsàájú. Ọ̀rá tí ó bá kọ́kọ́ bá ni yóò jẹ. Nítorí náà, ní ìpele ìpele ni a ń fi wọ́n sí i. Ká ní a wọn epo pupa gíráàmù 450, àdín 300 àti òrí 200. Nǹkan bí gíráàmù 142 sódà ni yóò sọ gbogbo wọn di ọṣẹ, pẹ̀lú omi tí ó tó ìlọ́po méjì ìwọ̀n sódà náà. A óò máa rò ó lórí iná jẹ́ẹ́jẹ́ títí yóò fi ki bí ẹ̀kọ tí ó jinná, tí sódà yóò sì ti jẹ ìjẹ tirẹ̀ tán. Ìgbà náà ni a óò gbé ìkòkò kalẹ̀, tí a óò wá fi òrí mìíràn sí i, gíráàmù 50, tí kò sí sódà tí yóò jẹ ẹ́ mọ́. Oyin ṣíbí kékeré kan, tí a fi omi lílọ́wọ́ọ́ yọ́, ni ó kẹ́yìn. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọṣẹ yóò rọ̀. Ní ti osùn, ẹwà ni ó fi ń kún ọṣẹ. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ó lo díẹ̀.

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe ti ọmọdé. Sódà lè fọ́ ènìyàn lójú. Inú omi tútù ni a ń da sódà sí díẹ̀díẹ̀; a kò gbọdọ̀ da omi lé sódà lórí, nítorí yóò ta sókè lójijì. A kò sì gbọdọ̀ lo ìkòkò alumíníọ́ọ̀mù, sódà yóò jẹ ẹ́ lu. Òṣùwọ̀n ni kí a lo, kì í ṣe ìfojúdá. Ìwọ̀nba gíráàmù mẹ́wàá tí ó lé lè sọ ọṣẹ ọmọ titun di ohun tí ń bó o lára.

Lọ́jọ́ kejì a óò gé ọṣẹ náà, a óò sì tò ó sórí pákó níbi tí afẹ́fẹ́ ń gbà, kí èkíní má fara kan èkejì. Àwọn tí owó ń kán lójú a máa gbé e lọ sí ọjà kí ọ̀sẹ̀ tó pé, nígbà tí omi ṣì pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá rà á yóò rí i tí ó yọ́ tán sínú àwo ọṣẹ láàrin ọjọ́ mélòó kan. Bí ó bá lo ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lórí pákó, yóò fúyẹ́, yóò le, ìka kò sì ní lè tẹ̀ ẹ́ wọlé mọ́.