Ìjàkadì: Iṣẹ́ Egungun, Iṣan àti Ọkàn Lójú Agbo

1. Ìfáárà

Bí a bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ àròkọ lórí ìjàkadì, ohun tí ọ̀pọ̀ wọn máa ń kọ ni pé ìlù dún, èrò pé jọ, alágbára sì gbé ọ̀lẹ ṣánlẹ̀. Wọn kì í sọ ìdí tí ẹni kékeré fi ń dá ẹni ńlá. Èyí kò yà wá lẹ́nu, nítorí pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń kọ́ wọn ní irú àlàyé bẹ́ẹ̀ ní kíláàsì sáyẹ́ǹsì. Nínú iṣẹ́ kékeré yìí, a fẹ́ fi hàn pé a lè fi Yorùbá ṣàlàyé ohun tí ara àti ọkàn ń ṣe nínú ìjàkadì. A ó sì mẹ́nu ba ohun tí èyí béèrè lọ́wọ́ olùkọ́ àti olùdánwò.

2. Ìjàkadì kì í ṣe ti Yorùbá nìkan

Ní Beni Hasan ní ilẹ̀ Íjíbítì, àwòrán àwọn ajàkadì wà lára ògiri ibojì láti nǹkan bí 4,000 ọdún sẹ́yìn. Ní Jàpáàn, inú agbo róbótó tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mítà 4.55 ni wọ́n ti ń ja sumo. Ẹni tí ohunkóhun lára rẹ̀ yàtọ̀ sí àtẹ́lẹsẹ̀ bá kan ilẹ̀, tàbí tí ó bá jáde kúrò nínú agbo, ti fìdí rẹmi. Ní Edirne ní ilẹ̀ Tọ́kì, òróró ólífì ni àwọn ajàkadì fi ń para, kí ó má baà rọrùn láti dì wọ́n mú. Ní Sẹ̀nẹ̀gàl, ìlù àti oògùn kì í gbẹ́yìn lójú agbo. Ní tiwa, ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá kanlẹ̀ ni a dá. Òfin wọn yàtọ̀, ṣùgbọ́n ara ènìyàn kan náà ni gbogbo wọn ń lò.

3. Egungun àti iṣan

Ìṣòro èdè ni a ó kọ́kọ́ bá pàdé. 'Iṣan' ni a ń pe ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà. Òun náà ni a ń pe okùn tí ó so ẹran mọ́ egungun. Òun náà ni a sì ń pe ẹran tí ó ń sún kì. Àbá wa ni pé kí a pe ti àkọ́kọ́ ní 'iṣan ẹ̀jẹ̀', kí a pe èkejì ní 'okùn iṣan', kí a sì pe ẹ̀kẹta ní 'ẹran iṣan'.

Egungun 206 ni ó sábà máa ń wà lára àgbàlagbà. Èyí tí ó gùn jù nínú wọn ni egungun itan. Egungun kì í dá rìn; ẹran iṣan ni ó ń fà á. Kí akẹ́kọ̀ọ́ sì mọ̀ dájú pé ẹran iṣan lè fà, kò lè tì. Nítorí náà ni ó fi ń ṣiṣẹ́ ní méjìméjì. Bí ti iwájú itan bá sún kì, orúnkún a nà. Bí ti ẹ̀yìn itan bá sún kì, orúnkún a ká. Àní nígbà tí ajàkadì bá ń ti ẹnìkejì rẹ̀, ẹran iṣan tí ó wà lẹ́yìn apá ni ó ń fa egungun tí apá fi ń nà.

4. Ìdúró àti ìwọ̀n

Ibì kan wà tí a lè sọ pé gbogbo ìwọ̀n ara pé jọ sí. Bí ènìyàn bá dúró ṣánṣán, inú ìbàdí ni ibẹ̀ wà, nísàlẹ̀ ìdodo díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a pè é ní 'àárín ìwọ̀n'. Ká ní a so okùn tí òkúta wà nídìí rẹ̀ mọ́ ibẹ̀. Bí òkúta náà bá bọ́ sí ààyè tí ẹsẹ̀ méjèèjì gbà, ẹni náà kò ní í ṣubú. Bí ó bá bọ́ síta, àfi kí ó yára gbé ẹsẹ̀.

Ìdí nìyí tí ajàkadì fi ń ya ẹsẹ̀, tí ó sì ń tẹ orúnkún. Yíya ẹsẹ̀ ń mú kí ààyè ìdúró fẹ̀. Títẹ orúnkún ń mú kí àárín ìwọ̀n lọ sílẹ̀. Ẹni kúkurú ní àǹfààní yìí láti ilé wá, ó sì rọrùn fún un láti kó sábẹ́ ẹni gíga. Jigoro Kano, tí ó dá judo sílẹ̀ ní Jàpáàn ní 1882, fi kókó yìí kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀: kí wọ́n kọ́kọ́ da ìdúró ẹnìkejì rú, kí wọ́n tó gbé e.

Bí ajàkadì tiwa bá fẹsẹ̀ kọ́ ẹnìkejì rẹ̀, tí ó sì ti àyà rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ohun kan náà ni ó ṣe. Ó ká ẹsẹ̀ náà lọ́wọ́ kò kí ó má lè sún, ó sì lé àárín ìwọ̀n kúrò lórí rẹ̀. Bí ibi tí ó ti ń tì bá ti jìnnà sí ẹsẹ̀ tí a kọ́ tó, bẹ́ẹ̀ ni agbára díẹ̀ yóò ṣe tó, bí ẹni fi ọ̀pá gígùn yí òkúta. 'Ọgbọ́n ju agbára' kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìtùnú fún ọ̀lẹ. Àlàyé iṣẹ́ ni.

5. Ọkàn

Ní 1898, Norman Triplett kọ̀wé pé àwọn tí ń gun kẹ̀kẹ́ máa ń sáré sí i bí ẹlòmíràn bá ń bá wọn sá a. Ní 1908, Yerkes àti Dodson fi eku ṣe ìdánwò. Wọ́n rí i pé bí iṣẹ́ bá le, ìtanijí tí ó mọ níwọ̀n ló dára jù. Èyí tí ó pọ̀ jù a máa ba iṣẹ́ jẹ́. Èyí tan ìmọ́lẹ̀ sí iṣẹ́ onílù àti akéwì lójú agbo. Oríkì a máa mú orí ajàkadì wú, ṣùgbọ́n ẹni tí orí rẹ̀ wú jù lè sáré wọlé kí ó sì fi ara rẹ̀ lé ẹnìkejì lọ́wọ́. Ajàkadì sumo máa ń fọ́n iyọ̀, á jókòó lórí ìka ẹsẹ̀, á wo ojú ẹnìkejì rẹ̀. Ní ìpele tó ga jù lọ, ìṣẹ́jú 4 ni wọ́n fún wọn láti fi ṣe èyí. Ọ̀nà láti kó ọkàn jọ ni.

6. Iṣẹ́ olùkọ́ àti olùdánwò

Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ pé, 'Ó tẹ ìbàdí sílẹ̀ kí wọ́n má baà rí i bì ṣubú', ó ti ṣàlàyé àárín ìwọ̀n, bí kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀. Èrò wa ni pé kí olùdánwò fún un ní máàkì. Èdè-ìperí dára, ṣùgbọ́n òye ló ṣáájú rẹ̀. Iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1970 ti fi hàn pé a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì.

Ọ̀rọ̀ yìí sì kọjá máàkì. Àwọn ọmọ wa ń jàkadì lórí ilẹ̀ líle lákòókò ìsinmi. Inú egungun ọrùn ni okùn tí ó so ọpọlọ mọ́ ara iyókù gbà kọjá. Bí ó bá já, ẹni náà lè má lè rìn mọ́ láéláé. Ọmọ tí a fi èdè abínibí rẹ̀ ṣàlàyé èyí fún kò ní í fi orí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọlẹ̀.

7. Ìgúnlẹ̀

Odunayo Adekuoroye gba wúrà fún Nàìjíríà nínú ìjàkadì ní Ìdíje Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì ní 2014, 2018 àti 2022. Ó yẹ kí ọmọ Yorùbá lè fi Yorùbá sọ bí ó ṣe ṣe é, kì í ṣe pé ó borí nìkan. Ọwọ́ àwa olùkọ́ ni ọ̀rọ̀ náà wà.