Ìmọ̀ nípa ààbò kò tó: Bí wọ́n ṣe ń wọn ìdánilójú ẹni lórí ìbálòpọ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹnu dùn ún ròfọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló mọ̀ pé kọ́ńdọ̀mù ń dènà kòkòrò HIV, ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ bá dójú ẹ̀, wọn kì í lè la ẹnu sọ fún olólùfẹ́ wọn pé kí àwọn lò ó.

Lọ́dún 1977 ni Albert Bandura, onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá ní Yunifásítì Stanford, Amẹ́ríkà, ṣàlàyé pé ẹni tí kò gbàgbọ́ pé òun lè ṣe nǹkan kì í sábà dáwọ́ lé e.

Báwo ni wọ́n ṣe ń wọn ìgbàgbọ́ yìí? Wọn kì í bèèrè pé, "Ṣé o mọ̀ ọ́n?" Ohun tí wọ́n ń bèèrè ni pé, "Báwo ló ṣe dá ọ lójú tó pé o lè ṣe é?" Òdo túmọ̀ sí "n kò lè ṣe é rárá"; 100 túmọ̀ sí "ó dá mi lójú gan-an." Ìbéèrè náà a sì máa le sí i: bí olólùfẹ́ rẹ bá ń bínú ńkọ́? Bí o bá ti mu ọtí ńkọ́?

Èyí ló ń fi ibi tí ìṣòro wà gan-an han olùkọ́ni. Ẹni tí ojú ń tì láti sọ̀rọ̀ kò nílò ẹ̀kọ́ mìíràn nípa àrùn. Bí yóò ṣe sọ ọ́ ni kí wọ́n fi dánra wò pẹ̀lú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n máàkì kékeré kì í fìgbà gbogbo jẹ́ ẹ̀bi ẹni tó gbà á. Obìnrin tó ń bẹ̀rù pé ọkọ òun yóò na òun kì í ṣe aláìmọ̀kan. Ààbò ló nílò, kì í ṣe ìwàásù.