Kí Oògùn Má Baà Dasán Lára Ìkókó

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ. Ìkókó tí kò tíì pé ọjọ́ 28 láyé kò tíì lágbára tó láti bá àrùn jà dáadáa. Bí kòkòrò àìfojúrí bá gba ojú ìwọ́ wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kíá ni ó lè gba ẹ̀mí rẹ̀. Ampicillin àti gentamicin ni àwọn oníṣègùn kọ́kọ́ fi ń dojú ìjà kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ní àwọn ilé ìwòsàn kan ní Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ nínú kòkòrò tí à ń pè ní Klebsiella kò ka méjèèjì sí.

Ta ló kọ́ kòkòrò níjà? Àwa ni. Alexander Fleming, ẹni tí ó ṣàwárí Penicillin ní 1928, kìlọ̀ ní 1945 pé oògùn tí kò tó ìwọ̀n a máa sọ kòkòrò di alágídí. Síbẹ̀, à ń ra kápúsù méjì-méjì fún ọ̀fìnkìn lásán. Bí ara bá ti fúyẹ́, a ó gbé ìyókù pamọ́.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ fọ ọwọ́ kí ẹ tó gbé ọmọ. Bí ó bá kọ ọmú, tí ara rẹ̀ gbóná tàbí tí ó tutù jù, ẹ má dá oògùn lò. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ sáré gbé e lọ. Kí ìjọba náà pèsè omi tó mọ́ sí gbogbo ilé ìgbẹ̀bí.