Epo, èéfín àti owó ọkọ̀: ohun tí ìrìn àjò wa láti Pobè dé Sakété ń jẹ

Lọ́jọ́ ọjà ní Sakété, kí oòrùn tó yọ dáadáa, títì ti kún. Àwọn oní-zémì ti tò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, tásì láti Pobè ń já èrò, ọkọ̀ akẹ́rù tó gbé epo pupa ń sáré lọ sí Àjàṣẹ́, èéfín dúdú sì ń rú tùù lẹ́yìn rẹ̀. Ìyá tó ń dín àkàrà létí títì ló ń fa èéfín náà símú láti àárọ̀ títí di ọ̀sán. Ó ti mọ́ wa lára débi pé a kì í kà á sí nǹkan kan.

Ohun tó jẹ́ kí ọ̀pọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye lítà epo tí wọ́n ń jó ni owó. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde ní Nàìjíríà pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, lítà kan tí kò tó igba náírà fò kọjá ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà. Nàìjíríà ni wọ́n ti sọ̀rọ̀, Pobè ni àpò ti ya, nítorí kpayo tó ń ti ẹnu ibodè wọlé ni ọ̀pọ̀ alùpùpù wa ń mu. Owó zémì gbéra, owó tásì tẹ̀ lé e, owó tòmátì náà ò sì gbẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ ká jọ ṣírò díẹ̀. Ká ní ìrìn àjò kìlómítà 50 ni, bí ẹni ń ti Pobè lọ sí apá Àjàṣẹ́. Bí alùpùpù bá ń mu lítà méjì àbọ̀ ní kìlómítà 100, lítà kan àti ìdá mẹ́rin rẹ̀ ló máa jó torí èrò kan ṣoṣo, a ò tíì ka àbọ̀ rẹ̀ lófìfo. Tásì tó ń mu lítà mẹ́sàn-án ní kìlómítà 100, tó gbé èèyàn mẹ́fà, máa jó lítà mẹ́rin àbọ̀. Ẹ pín in sí mẹ́fà, kò tó lítà kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bọ́ọ̀sì elérò 18 tó bá kún, ìdá mẹ́ta lítà kan péré ni ti èrò kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ ló rò pé alùpùpù kéré, nítorí náà epo tó ń jẹ náà kéré. Fún ọ̀nà kúkúrú nínú ìlú, òótọ́ ni. Fún ọ̀nà jíjìn, tásì tó kún ló sàn jù.

Lítà bẹntiróòlù kan tó bá jó máa ń tú nǹkan bíi kìlógíráàmù 2.3 afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù jáde. Ẹni tó bá gbé lítà kan sórí ìwọ̀n á ní irọ́ ni, torí epo náà fúnra rẹ̀ ò tó kìlógíráàmù kan. Ṣùgbọ́n nígbà tó bá ń jó, ó ń fa afẹ́fẹ́ mọ́ra, òun ló fi ń wúwo jù bó ṣe wà lọ. Afẹ́fẹ́ yìí ló ń há ooru mọ́ ayé, tí òjò wa ò fi mọ ìgbà tó yẹ kó rọ̀ mọ́.

Èéfín tó ń dún mọ́ni láyà yàtọ̀ sí ìyẹn. Àwọn alùpùpù àtijọ́ tí wọ́n ń po ọ́ìlì mọ́ epo wọn ló burú jù nínú rẹ̀, nítorí apá kan epo náà ń jáde láìjó. Àwọn tó pọ̀ lóde báyìí sàn díẹ̀, bí olówó wọn bá ń pààrọ̀ ọ́ìlì lásìkò, tó ń fọ fíltà, tí afẹ́fẹ́ táyà sì pé. Táyà tó rọ̀ ń jẹ epo lásán. Ti epo dísù tún lágbára jù. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2016, Nàìjíríà, Bẹ̀nẹ̀, Tógò, Gánà àti Kọt Difúà fẹnu kò ní Àbújá pé àwọn ò ní gba dísù tí imí ọjọ́ pọ̀ nínú rẹ̀ wọlé mọ́. Lẹ́yìn náà ni ECOWAS ní láti oṣù Kìíní ọdún 2021, imí ọjọ́ inú epo tí wọ́n ń kó wọlé kò gbọdọ̀ kọjá ìdá 50 nínú mílíọ̀nù kan. Òfin dára. Ta ló wá ń yẹ epo tó gba ọ̀nà igbó wọlé nínú ike wò?

A ò bú àwọn tó ń ta kpayo. Owó iléèwé ọmọ wà nínú ìgò wọ̀nyẹn, ilé epo gidi sì jìnnà sí ọ̀pọ̀ abúlé. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè gbàgbé ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023 ní Sèmè-Kraké, nígbà tí iná sọ níbi tí wọ́n kó irú epo yìí pa mọ́ sí, tí èèyàn tó lé ní ọgbọ̀n kú.

Àwọn àgbà wa mọ ọ̀nà mìíràn. Kí zémì tó dé, kẹ̀kẹ́ ológeere ni wọ́n fi ń gbé èrò ní Àjàṣẹ́, tásì-kánnà ni wọ́n ń pè é. Ọkọ̀ ojú irin náà wà: ọ̀nà rẹ̀ láti Kútọnu gba Àjàṣẹ́ àti Sakété dé Pobè, kìlómítà bíi 107, láyé àwọn Faransé. Lónìí kò sí ọkọ̀ tó ń gba orí irin náà wá sọ́dọ̀ wa mọ́. Lódì kejì ibodè, ní oṣù Kẹfà ọdún 2021, wọ́n ṣí ojú irin tuntun Èkó sí Ìbàdàn, Abẹ́òkúta sì wà lójú ọ̀nà rẹ̀. A ń jowú wọn, a ò fi bò.

Ohun tó sún mọ́ wa jù báyìí ni alùpùpù oníná. Ilé-iṣẹ́ Spiro, tó ń jẹ́ M Auto tẹ́lẹ̀, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò ní ọdún 2022. Bí bátìrì bá tán, oní-zémì kì í jókòó dè é kó gba iná, ṣe ló máa yọ ọ́, tó máa gbé èyí tó kún, tó máa sanwó, tó máa lọ. Kò ní ọ́ìlì, kò ní èéfín. Àwọn kan á sọ pé epo àti gáàsì náà ni wọ́n fi ń pèsè iná mànàmáná, wọn ò parọ́ pátápátá: gáàsì ni wọ́n kọ́ ilé iná Maria-Gléta 2 fún. Ṣùgbọ́n ẹ wo Illoulofin, nínú kọ́múùnù Pobè gan-an. Níbẹ̀ ni wọ́n ṣí ilé iná olóòrùn Défissol sí ní oṣù Keje ọdún 2022, mẹ́gáwáàtì 25. Oòrùn orí oko wa ti ń di iná. Ìṣòro oní-zémì Pobè ni pé bí ibi tó ti máa pààrọ̀ bátìrì bá jìnnà, ó máa já sójú ọ̀nà pẹ̀lú èrò lẹ́yìn. Kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún un pé kó ta alùpùpù rẹ̀, ibi ìpààrọ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ wà, ní Pobè, ní Sakété, àti lójú ọ̀nà àárín wọn.

Ká má sì di gbogbo ẹrù ru oní-zémì. Ẹni tó bá wọ bàálù láti Kútọnu lọ sí Paris, tó sì padà, ìpín tirẹ̀ nínú èéfín bàálù náà sún mọ́ tọ́ọ̀nù kan. Ìrìn àjò kìlómítà 50 lórí zémì tó bá ìyẹn dọ́gba lé ní 250. Àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun lè ro ìyẹn nígbà tí wọ́n bá fẹ́ wálé lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún: kí wọ́n wá lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n sì pẹ́ díẹ̀.

Ní tiwa, àwọn oníṣòwò tó ń lọ ọjà kan náà lè da ẹrù wọn pọ̀ sínú ọkọ̀ kan dípò zémì mẹ́rin. Àwọn tó ń kó gàrí àti epo pupa ti mọ ọgbọ́n yìí tipẹ́, nítorí owó ni, kì í ṣe nítorí afẹ́fẹ́. Owó tí wọ́n sì ń ṣẹ́ kù ni wọ́n á fi ra ọjà míì.