Ọ̀rọ̀ omi ní ìlú Toowoomba: wọ́n ti pinnu kí wọ́n tó bi ará ìlú

Ẹ̀yin ará wa, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ bi ara wa ní ìbéèrè kan. Bí ọkọ̀ ńlá tí ń gbẹ́ kànga bá wọ abúlé yín lárọ̀ọ́ ọ̀la, tí àwọn òṣìṣẹ́ sọ̀ kalẹ̀, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́yìn ilé baálẹ̀ láì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, kí ni ẹ ó ṣe? Òótọ́ ni pé omi ni ẹ ń fẹ́. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà kan lè mọ̀ pé ibẹ̀ ni wọ́n ń sin òkú sí látijọ́. Àwọn obìnrin lè sọ pé ibẹ̀ jìnnà jù fún ẹni tó ru garawa. Ọ̀nà màlúù àwọn Fúlàní lè gba ibẹ̀ kọjá. Bí wọn kò bá bi àwọn wọ̀nyí, omi yóò jáde o, ṣùgbọ́n ìjà lè bá a jáde.

Irú nǹkan báyìí kì í ṣe ti abúlé nìkan. A fẹ́ sọ ìtàn ìlú kan fún yín. Ìlú náà jìnnà sí wa gan-an, ó wà ní orílẹ̀-èdè Ọsirélíà. Toowoomba ni orúkọ rẹ̀. Ẹ kà á báyìí: Tùwúńbà.

Ìlú orí òkè

Orí òkè ni Toowoomba wà. Ó fi nǹkan bí 700 mítà ga ju òkun lọ. Ní àkókò tí à ń sọ yìí, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ súnmọ́ 100,000. Oko ló yí ìlú náà ká: wọ́n ń gbin ọkà, wọ́n ń sin màlúù. Òdòdó inú ọgbà ni àwọn ará ìlú sì fi ń yangàn.

Kò sí odò ńlá kan tó gba inú ìlú náà kọjá. Wọ́n mọ ògiri dí omi ní ibi mẹ́ta nísàlẹ̀, ó di adágún. Orúkọ àwọn adágún náà ni Cooby, Perseverance àti Cressbrook. Ẹ̀rọ ló ń fa omi wọn gòkè wá sí ìlú. Òjò ló ń kún wọn. Bí òjò kò bá rọ̀, kò sí ohun tí ẹ̀rọ lè fà.

Òjò kò sì rọ̀ dáadáa. Ọ̀dá tó mú apá ibẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1990 kò tán bọ̀rọ̀, ó wọ ọdún 2009. Lọ́dọọdún ni omi adágún ń fà sẹ́yìn. Nígbà tó yá, wọ́n fòfin dè é pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi rọ́bà fọ́n omi ẹ̀rọ sí ọgbà mọ́. Ìlú olódòdó ni o. Òfin yìí dun àwọn ènìyàn.

Omi ẹ̀gbin tó padà di omi mímu

Obìnrin kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Di Thorley ni mẹ́ẹ̀rì ìlú nígbà náà. Òun àti ìgbìmọ̀ rẹ̀ ronú sí ọjọ́ iwájú: níbo ni àwọn ọmọ wa yóò ti rí omi mu? Wọ́n wo omi tó ń ti ilé àwọn ènìyàn jáde lójoojúmọ́, omi ìwẹ̀, omi ìfọṣọ, omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Wọ́n ní kí á fọ̀ ọ́ mọ́, kí á dà á sínú adágún Cooby, kí ó dàpọ̀ mọ́ omi òjò, kí á sì tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i kí ó tó dé inú ilé.

Báwo ni wọ́n ṣe ń fọ irú omi bẹ́ẹ̀? Ẹ̀rọ alágbára ló ń ti omi gba inú awọ tín-ín-rín kan kọjá. Ihò ara awọ náà kéré débi pé ojú kò lè rí i. Kòkòrò àrùn kò lè gbà á kọjá, iyọ̀ pàápàá ń ṣẹ́kù sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà, wọ́n ń tan iná kan tó lágbára sí omi náà láti pa ohun tó bá ṣì ṣẹ́kù. Ọgbọ́n fífọ omi ẹ̀gbin di mímu kì í ṣe tuntun. Windhoek, olú ìlú Nàmíbíà níbí ní Áfíríkà wa, ti ń mu irú omi bẹ́ẹ̀ láti ọdún 1968.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe ka èyí tán kí ó lọ máa fi aṣọ sẹ́ omi ẹ̀gbin nílé. Aṣọ tí a fi ń sẹ́ omi nígbà tí à ń gbógun ti sòbìà ṣiṣẹ́ rẹ̀ dáadáa. Ní ọdún 2009, Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí sí i pé sòbìà ti kúrò ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Ṣùgbọ́n kòkòrò inú omi tó ń gbé ọmọ sòbìà nìkan ni aṣọ lè dá dúró. Kò lè dá àrùn onígbáméjì dúró.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe dé etí ará ìlú

Ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 2005 ni ìgbìmọ̀ ìlú kéde ètò náà. Ibí ni ọ̀rọ̀ ti wọ́. Ní ọjọ́ tí ará ìlú gbọ́, wọ́n ti yan ọ̀nà, ọ̀nà kan ṣoṣo sì ni. Wọ́n ti ń wá owó rẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba orílẹ̀-èdè. Wọ́n ní àwọn yóò fi ọdún mẹ́ta ṣe àlàyé fún àwọn ènìyàn. Ọdún mẹ́ta kì í ṣe àkókò kékeré. Ṣùgbọ́n kí á ṣe àlàyé ohun tí a ti pinnu fún ènìyàn yàtọ̀ sí kí á bi í pé kí ni kí á ṣe.

Oṣù náà kò tíì parí tí àwọn kan fi kó ara wọn jọ láti tako ètò yìí. Orúkọ tí wọ́n fún ẹgbẹ́ wọn túmọ̀ sí “Àwọn ará ìlú tó kọ̀ láti mu omi ìgbẹ́”. Nǹkan bí 10,000 ènìyàn ló fọwọ́ sí ìwé wọn. Olówó kan tó ti ṣe mẹ́ẹ̀rì ìlú rí wà lára àwọn alátakò.

Kí ló ń bà wọ́n lẹ́rù? Àwọn kan ń bẹ̀rù oògùn tí ènìyàn ń lò tó sì ń bá ìtọ̀ jáde. Àwọn oníṣòwò ń bẹ̀rù pé ta ni yóò ra oúnjẹ tí a fi irú omi bẹ́ẹ̀ ṣe. Àwọn mìíràn ń bẹ̀rù ìtìjú: àwọn ẹlẹ́yà ti mú ọ̀rọ̀ ìgbẹ́, wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ orúkọ ìlú wọn. Ẹ̀yin náà ẹ mọ bí irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ṣe ń pẹ́ lára. A kò ní fi òótọ́ pamọ́ pé àwọn alátakò kan fi ẹ̀rù tí kò ní ẹ̀rí sí ọkàn àwọn ènìyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tí a kò bi léèrè, tètè ni etí rẹ̀ ń ṣí sí ohun tó ń bani lẹ́rù.

Ní oṣù kẹta ọdún 2006, ìjọba orílẹ̀-èdè sọ pé àwọn kò ní fún ìlú náà lówó àfi bí àwọn ará ìlú bá dìbò pé àwọn fẹ́. Àlàyé ọdún mẹ́ta wá di ìjà oṣù mélòó kan. Ọjọ́ 29 oṣù keje ni wọ́n dìbò. Nínú 100 ènìyàn, 62 sọ pé rárá, 38 sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ètò náà kú síbẹ̀.

Àwọn kan ti sọ pé òpè ni àwọn ará Toowoomba. Àwa kò rò bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà lórí ìwé ìdìbò náà: ṣé ẹ fẹ́ ètò yìí, àbí ẹ kò fẹ́ ẹ? Ìwé náà kò bi wọ́n pé iye owó wo ni wọ́n lè san. Kò bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ kí á fi omi náà bomi rin oko, kí á fi omi adágún sílẹ̀ fún mímu. Ẹni tó bá ti jókòó nínú kómítè pọ́ǹpù rí mọ̀ pé ìbéèrè ibẹ̀ pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Níbo ni a ó gbẹ́ ẹ sí? Èló ni garawa kan? Ta ni yóò mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́? Bí ó bá bàjẹ́ ní àkókò tí owó kò sí lọ́wọ́ àgbẹ̀, báwo ni a ó ṣe é? A kì í sì í bi ọkùnrin nìkan. A ń dúró de àwọn obìnrin kí wọ́n ti ọjà àti oko dé. A ń ka ìwé sókè fún ẹni tí kò mọ̀wé. Ohun tí wọ́n bá sọ, a ń kọ ọ́ sílẹ̀, a sì ń padà wá sọ fún wọn ibi tí a bá a dé.

Ní orílẹ̀-èdè Ọsirélíà yìí kan náà, ìlú Perth gba ọ̀nà mìíràn. Ó tóbi ju Toowoomba lọ fíìfíì, ó sì wà ní apá ìwọ̀-oòrùn. Wọ́n kọ́ ẹ̀rọ kékeré kan láti dán an wò ní ọdún 2010 sí 2012, wọ́n sì ṣílẹ̀kùn rẹ̀ fún àwọn ará ìlú kí wọ́n wá fi ojú ara wọn rí i. Omi tí wọ́n fọ̀ kò lọ sí ilé ẹnikẹ́ni. Inú ilẹ̀ jíjìn ni wọ́n ń dà á sí, wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ń kéde ohun tí wọ́n bá rí. Ọdún 2013 ni ìjọba gbà pé kí iṣẹ́ gan-an bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 2017 ni omi bẹ̀rẹ̀ sí í wọlẹ̀ láti inú ẹ̀rọ ńlá.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀ ní Toowoomba lẹ́yìn ìdìbò? Ọ̀dá kò dìbò ní tirẹ̀. Omi adágún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fà títí tí kò fi tó ìdá kan nínú mẹ́wàá mọ́. Ìjọba ìpínlẹ̀ wá ri ọ̀pá omi tó gùn tó 38 kìlómítà láti adágún ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Wivenhoe, láti fa omi gun òkè. Oṣù kìíní ọdún 2010 ni wọ́n parí rẹ̀. Owó tí wọ́n ná sí i tó 187 mílíọ̀nù dọ́là Ọsirélíà, bẹ́ẹ̀ ètò àkọ́kọ́ kò ní gbà tó 70 mílíọ̀nù. Adágún Wivenhoe yìí gan-an ni ìjọba ìpínlẹ̀ ti kéde ní ọdún 2007 pé àwọn yóò da omi ẹ̀gbin tí a fọ̀ sí. Ní ọdún 2008 wọ́n yí i padà, wọ́n ní ó di ìgbà tí omi adágún bá lọ sílẹ̀ ju 40 nínú 100 lọ.

Ọdún kan lẹ́yìn tí ọ̀pá náà parí, ní oṣù kìíní ọdún 2011, òjò ńlá dé. Àgbàrá gbé ènìyàn lọ ní àárín ìlú Toowoomba, àwọn adágún sì kún. Ọ̀pá náà ṣì wà nínú ilẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò dìbò lórí ìyẹn.